Ilé Ìkẹ́rù Méjì: Báwo Layé Ṣe Ń Mọ̀ Bóyá Orílẹ̀-èdè Kan Ń Ṣe Bọ́ǹbù Núkílíà?

Ọ̀rọ̀ àsọyé tó wáyé ní Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹ̀yin àgbààgbà ìlú, mo forí balẹ̀. Ẹ̀yin ìyá wa tẹ́ ẹ tètè palẹ̀ ọjà mọ́ kẹ́ ẹ lè bá wa péjọ, ọjà á tà o. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀yin ọmọ lísé tó wà lóòró lẹ́yìn nítorí pé àga ò kárí, ẹ kú ìdúró, ẹ má bínú.

Ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí Ìráàn àti ìfura tó wà lórí rẹ̀ pé ó fẹ́ ṣe ohun ìjà núkílíà. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé, kí ló kan Ṣábẹ̀ẹ́ nínú ìjà Tehran àti Washington? Ó kàn wá. Ó ti kàn wá rí, a ò kàn mọ̀ ni. Nítorí náà, n kò ní bẹ̀rẹ̀ láti Ìráàn. Ojú irin ìlú wa yìí ni màá ti bẹ̀rẹ̀.

Ilé ìkẹ́rù àkọ́kọ́: Kútọnu

Ojú irin tó ti Kútọnu wá, tó gba Bohicon, tó gba Ṣábẹ̀ẹ́ kọjá lọ sí Parakou, ṣé èrò àti òwú nìkan lẹ rò pé ó ti rù? Rárá o. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, yùréníọ́ọ̀mù, ohun àlùmọ́ọ́nì tí wọ́n fi ń ṣe bọ́ǹbù núkílíà, èyí tí wọ́n ń wà ní Arlit, nínú aṣálẹ̀ Nìjẹ̀r, ọkọ̀ akẹ́rù ló ń gbé e wá sí Parakou. Ní Parakou ni wọ́n ti ń gbé e sọ́kọ̀ ojú irin, ó di èbúté Kútọnu, ó di orí òkun. Inú àgbá onírin ló máa ń wà, àgbá tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ ó rò pé epo ni. Ìyẹ̀fun aláwọ̀ yẹ́lò ló wà nínú rẹ̀. Ṣé bọ́ǹbù ni ìyẹ̀fun yẹn? Kì í ṣe bọ́ǹbù. Ọ̀nà rẹ̀ sí bọ́ǹbù jìn gan-an, mo ń bọ̀ lórí ìyẹn.

Ní ọdún 2002, Amẹ́ríkà ń wá ẹ̀sùn sí Saddam Hussein lẹ́sẹ̀, olórí alágídí Ìráàkì ìgbà yẹn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, ìròyìn kan dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ogun ojú omi wọn pé yùréníọ́ọ̀mù Nìjẹ̀r tí wọ́n ti tà fún Ìráàkì wà nínú ilé ìkẹ́rù kan ní Kútọnu. Ní Kútọnu tiwa níbí! Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá, aṣojú ológun Amẹ́ríkà lọ síbẹ̀, ó wo inú ilé ìkẹ́rù náà. Kí ló bá níbẹ̀? Ìdì òwú. Òwú tẹ́ ẹ̀yin àgbẹ̀ ń gbìn, òwú tí Bẹ̀nẹ̀ ń tà sókè òkun jù lọ. Ìwádìí ilé aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà tó jáde ní 2004 ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ ò rí i pé ìròyìn ò tó àfojúbà?

Àmọ́ àwọn ìwé kan tún wà nílẹ̀, tó sọ pé Nìjẹ̀r ti gbà láti ta yùréníọ́ọ̀mù fún Ìráàkì. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kìíní 2003, Ààrẹ George W. Bush dìde níwájú ilé aṣòfin rẹ̀, ó ní Saddam ti ń wá yùréníọ́ọ̀mù ní Áfíríkà. Nígbà tí wọ́n wá kó àwọn ìwé náà fún Àjọ Àgbáyé fún Agbára Átọ́míìkì, èyí tó fìdí kalẹ̀ sí Vienna láti 1957, kíá ni wọ́n mọ̀ pé ayédèrú ni. Lẹ́tà kan tí wọ́n kọ déètì ọdún 2000 sí lórí, orúkọ mínísítà tó ti kúrò lórí oyè láti 1989 ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀! Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹta 2003, Mohamed ElBaradei, ọmọ Íjíbítì tó jẹ́ ọ̀gá àjọ náà, sọ ọ́ ní gbangba níwájú Ìgbìmọ̀ Ààbò pé àwọn ìwé náà kì í ṣe ojúlówó. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ máa ń bá a. Òótọ́ bá a lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́tàlá lẹ́yìn náà ni bọ́ǹbù bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lé Baghdad. Lẹ́yìn ogun, wọ́n tú Ìráàkì yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́. Wọn ò rí iṣẹ́ núkílíà kankan tí Saddam dá padà.

Ilé ìkẹ́rù kejì: Turquzabad

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ o. Ẹni tó bá dúró síbí yìí, á kàn sọ pé irọ́ làwọn alágbára ń pa ní gbogbo ìgbà, á sì lọ sílé. Ilé ìkẹ́rù kejì ò gbà fún un.

Ní oṣù Kẹsàn-án 2018, Benjamin Netanyahu ti Ísírẹ́lì dúró ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pẹ̀lú àwòrán lọ́wọ́. Ó ní ilé ìkẹ́rù kan wà ní Turquzabad, ní Tehran, tí Ìráàn ń kó ẹrù núkílíà pamọ́ sí. Àwọn ará Tehran fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ń fọ kápẹ́ẹ̀tì ni. Àwọn olùyẹ̀wò àjọ tó wà ní Vienna yẹn ò bá wọn rẹ́rìn-ín, wọn ò sì gba ti Netanyahu gbọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ní oṣù Kejì 2019, wọ́n lọ síbẹ̀. Ìráàn ti kó gbogbo ẹrù kúrò. Àwọn olùyẹ̀wò fi aṣọ nu ara ògiri àti ilẹ̀, wọ́n gbé aṣọ náà lọ sí ilé àyẹ̀wò. Kí ni wọ́n rí lára aṣọ? Èérún yùréníọ́ọ̀mù tí ọwọ́ ènìyàn ti ṣiṣẹ́ lé lórí. Àlàyé tí Ìráàn ṣe lórí rẹ̀ ò tẹ́ àjọ náà lọ́rùn títí di òní.

Ilé ìkẹ́rù méjì, ẹ̀sùn kan náà. Wọ́n ṣílẹ̀kùn ọ̀kan, òwú. Wọ́n nu ògiri èkejì, yùréníọ́ọ̀mù. Kí ló là wọ́n? Ṣé ẹnu ẹni tó fẹ̀sùn kàn ni? Àbí ojú ẹni tá a bá fẹ́ràn? Ẹni tó wọlé lọ wò ó ni. Ohun tí mo bá wá síbí nìyẹn, ìyókù àlàyé ni.

Kí ni wọ́n ń sẹ́, kí sì nìdí tí ìdá 60 fi ń ba ayé lẹ́rù?

Ẹ̀yin ọmọ lísé, ibí yìí ni kẹ́ ẹ ti mú báírò jáde.

Oríṣi yùréníọ́ọ̀mù méjì ló wọ́pọ̀ nínú èyí tó ti ilẹ̀ jáde: 238 àti 235. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ bọ́ǹbù, tó sì ń ṣiṣẹ́ iná mànàmáná, 235 ni. Ó kéré gan-an, kò pé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, 0.7 péré. Ẹ mú ẹgbẹ̀rún kan ẹ̀wà, kẹ́ ẹ sọ pé méje péré nínú rẹ̀ ló pupa, ìyókù funfun. Iṣẹ́ náà ni láti máa ṣa funfun dànù, òun la ń pè ní sísẹ́ yùréníọ́ọ̀mù.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí pupa jẹ́ ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tó tó fún ilé iṣẹ́ iná mànàmáná, funfun mélòó lẹ máa ṣà dànù? Nǹkan bíi 825. Ó ku 175, pupa méje ṣì wà níbẹ̀. Láti ibẹ̀ dé ìdá 20, ẹ ó ṣa 140 sí i. Ó ku 35. Láti ìdá 20 dé ìdá 60, ẹ ó ṣa mẹ́tàlélógún. Ó ku méjìlá. Láti ìdá 60 dé ìdá 90 tí wọ́n fi ń ṣe bọ́ǹbù ńkọ́? Mẹ́rin péré. Mẹ́rin!

Ẹ wo ìṣirò yẹn dáadáa. Ẹni tó dé ìdá 4 ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ẹni tó dé ìdá 60 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí rẹ̀. Bí ìròyìn bá sọ pé Ìráàn wà ní 60, tẹ́ ẹ wá rò pé ó ku ìdá kan nínú mẹ́ta ọ̀nà kó tó dé 90, ẹ ti ṣìṣirò. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Kò sì sí ilé iṣẹ́ iná mànàmáná kankan tó ń fi yùréníọ́ọ̀mù ìdá 60 ṣe iná fún aráàlú níbi kankan láyé. Ìdí rèé tí àwọn tí kò fẹ́ràn Amẹ́ríkà rárá pàápàá fi ń bi Ìráàn pé, kí lo fẹ́ fi èyí ṣe?

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣà á? Wọ́n á kọ́kọ́ sọ ìyẹ̀fun yẹ́lò di ohun mìíràn tó máa ń di gáàsì tó bá gbóná tó nǹkan bíi ìwọ̀n 56 Celsius. Wọ́n á wá fẹ́ gáàsì náà sínú ẹ̀rọ tó rí gbọọrọ bí ọ̀pá, tó ń yí bírí ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Èyí tó wúwo á sún mọ́ ara ògiri, èyí tó fúyẹ́ á wà láàárín. Ìyàtọ̀ ìwọ̀n wọn kéré débi pé ẹ̀rọ kan ò lè dá nǹkan ṣe. Wọ́n á so bí 164 pọ̀, kí ọ̀kan máa gbé e fún èkejì. Iṣẹ́ ẹlẹgẹ́ ni. Bí ẹ̀rọ náà ò bá dọ́gba díẹ̀, á fọ́ túútúú. Bí iná bá já lójijì, wàhálà ni. Ohun tó fà á gan-an nìyí tí kòkòrò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Stuxnet, tí àṣírí rẹ̀ tú ní 2010, fi ṣe Ìráàn lọ́ṣẹ́: ó kàn ń yí eré àwọn ẹ̀rọ Natanz, ibi tí Ìráàn ti ń sẹ́ yùréníọ́ọ̀mù, padà ni, tí àwọn tó ń ṣọ́ wọn ò sì mọ̀, nítorí pé ohun tí ojú kọ̀ǹpútà ń fi hàn wọ́n ni pé kò séwu.

Mo gbọ́dọ̀ fi èyí kún un kí n má baà dẹ́rù bà yín ju bó ṣe yẹ lọ. Gáàsì ìdá 90 kì í ṣe bọ́ǹbù. Wọ́n ṣì ní láti sọ ọ́ di irin, kí wọ́n gé irin náà, kí wọ́n fi ohun abúgbàù yí i ká, kí gbogbo rẹ̀ bú lẹ́ẹ̀kan náà, kó sì tún wọ orí mísáìlì. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ oṣù ni, ó sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù Kejìlá 2015, àjọ Vienna kọ ọ́ pé Ìráàn ṣe ìwádìí tó jẹ mọ́ bọ́ǹbù ní ètò ní ètò kí ọdún 2003 tó parí, pé díẹ̀ nínú rẹ̀ ń lọ lẹ́yìn ìyẹn, àmọ́ pé àwọn ò rí àmì tó ṣeé gbára lé lẹ́yìn 2009. Ní oṣù Kẹfà 2025 gan-an, nígbà tí bọ́ǹbù ń bọ́ lórí Ìráàn, Rafael Grossi, ọ̀gá àjọ náà, sọ pé àwọn ò ní ẹ̀rí pé wọ́n ń ṣiṣẹ́ létòlétò láti ṣe ohun ìjà. Ẹni tó ní kò tíì ṣe é ò purọ́. Ẹni tó ní ó ti súnmọ́ ọn gan-an náà ò purọ́.

Iṣẹ́ olùyẹ̀wò

Àwọn olùyẹ̀wò kì í gbé ìbọn. Òṣùwọ̀n, èdìdì, kámẹ́rà àti aṣọ ìnulẹ̀ ni irinṣẹ́ wọn.

Orílẹ̀-èdè á kọ́kọ́ fẹnu ara rẹ̀ sọ iye tó ní àti ibi tó wà. Àwọn á wá wọn sílíńdà kọ̀ọ̀kan, wọ́n á bu díẹ̀ nínú rẹ̀ fún àyẹ̀wò, wọ́n á fi í wé ìwé. Ìwọ̀n tí wọ́n ń lò nìyí: kìlógíráàmù 25 ti 235 nínú yùréníọ́ọ̀mù tí wọ́n ti sẹ́ dáadáa, tàbí kìlógíráàmù 8 ti plutonium, nǹkan mìíràn tí wọ́n fi ń ṣe bọ́ǹbù; ohun tó bá ti tó bẹ́ẹ̀, ó tó ṣe ìbẹ̀rù. Tó bá jẹ́ ti ìdá 60, nǹkan bíi kìlógíráàmù 42 ni wọ́n kà sí èyí tó lè di bọ́ǹbù kan bí wọ́n bá tún sẹ́ ẹ.

Bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n tán, wọ́n á fi èdìdì dè é. Onírin ni èyí tí wọ́n ti ń lò tipẹ́. Inú rẹ̀ ní ìlà játijàti tí wọ́n ti yà ní fọ́tò kí wọ́n tó gbé e kúrò ní Vienna. Tẹ́nìkan bá já a tó sì fi òmíràn rọ́pò, ìlà inú rẹ̀ ò ní dọ́gba pẹ̀lú fọ́tò. Kámẹ́rà ń wo ẹnu ọ̀nà nígbà tí wọn ò bá sí nílé.

Aṣọ ńkọ́? Òwú ni wọ́n fi hun ún, bó ṣe jẹ́ òwú náà ló wà ní Kútọnu. Kò fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá sí mẹ́wàá lọ. Olùyẹ̀wò á wọ ìbọ̀wọ́ tuntun, á nu tábìlì, á nu páìpù, á sọ aṣọ náà sínú ọ̀rá, á tún fi ọ̀rá kejì bò ó. Kí nìdí tí ọ̀rá fi jẹ́ méjì, tí ìbọ̀wọ́ fi gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun? Nítorí pé èérún kan péré tó bá tara ibòmíràn lẹ̀ mọ́ ọn lè dá ogun sílẹ̀. Àwọn ilé àyẹ̀wò tó ń gbà á kì í mọ orílẹ̀-èdè tó ti wá. Irú aṣọ báyìí ló fi hàn ní 2003 pé èérún tí wọ́n ti sẹ́ gan-an wà ní Natanz. Ìráàn ní lára ẹ̀rọ àlòkù tí àwọn rà ló ti wá, ìwádìí sì fi hàn lẹ́yìn náà pé apá tó pọ̀ nínú rẹ̀ bá ẹ̀rọ tó ti Pakísítánì wá mu. Ẹ ò rí i? Aṣọ kan náà tó fẹ̀sùn kàn ènìyàn tún lè gbè é lẹ́sẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, wọ́n tún rí èérún ìdá 83.7 ní Fordow, ibi mìíràn tí Ìráàn ti ń sẹ́ ẹ.

Ibo ni iṣẹ́ yìí ti ń kùnà? Ibi tí wọn ò bá fi hàn wọ́n. Ṣáájú 1991, àwọn olùyẹ̀wò ń lọ sí Tuwaitha, ọgbà iṣẹ́ núkílíà ní Ìráàkì, wọ́n ń wo ohun tí wọ́n bá fi hàn wọ́n, wọ́n ń padà sílé, nígbà tí iṣẹ́ ìkọ̀kọ̀ ń lọ nínú àwọn ilé mìíràn nítòsí. Ìtìjú yẹn ló bí ìwé àfikún 1997: ẹni tó bá fọwọ́ sí i, olùyẹ̀wò lè fún un ní wákàtí 24 péré kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bẹ̀nẹ̀ tiwa ti wọ inú ètò yẹn láti 2019. Ìráàn fọwọ́ sí i ní 2003, ó pa á tì ní 2006, ó tún gbà á lẹ́yìn àdéhùn 2015, ó dá a dúró ní oṣù Kejì 2021.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe dé ibi tó dé

Èyí ò ní pẹ́. Ìráàn wà lára àwọn tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ọdún 1968 tó ní kí ohun ìjà núkílíà má tàn kálẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ 2002, àwọn alátakò ìjọba rẹ̀ tú àṣírí ibi iṣẹ́ núkílíà méjì, Natanz àti Arak. Ní 2009, Amẹ́ríkà, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì tú àṣírí Fordow, inú òkè nítòsí Qom. Ìjẹníyà ń gorí ìjẹníyà. Ní ọjọ́ 14 oṣù Keje 2015, Ìráàn àti àwọn orílẹ̀-èdè alágbára fẹnu kò ní Vienna: Ìráàn ò ní kọjá ìdá 3.67, ẹrù rẹ̀ ò ní ju kìlógíráàmù 300 lọ, àwọn olùyẹ̀wò á sì máa wọlé. Ìráàn pa á mọ́. Àjọ náà jẹ́rìí sí i léraléra. Ní ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún 2018, Donald Trump fà á ya. Lójú tèmi, ọjọ́ yẹn lọ̀rọ̀ bàjẹ́ jù. Ìráàn mú un mọ́ra fún ọdún kan, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún: ìdá 20 ní ìbẹ̀rẹ̀ 2021, ìdá 60 ní oṣù Kẹrin ọdún kan náà. Ní oṣù Kẹfà 2022, ó yọ kámẹ́rà 27. Ìyẹn náà ò dára. Ẹni tó bá ní òun ò fi nǹkan pamọ́, tó wá ń fọ́ àtùpà, kí la fẹ́ kí ará àdúgbò rò?

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà 2025, ìgbìmọ̀ Vienna dìbò pé Ìráàn ò mú ojúṣe rẹ̀ ṣẹ: 19 gbà, 3 kọ̀, 11 ò dá sí i. Ta ni mẹ́ta tó kọ̀? Rọ́ṣíà, Ṣáínà, àti Burkina Faso, aládùúgbò wa níbí. Lọ́jọ́ kejì ni Ísírẹ́lì kọlu Ìráàn. Ní ọjọ́ 22, Amẹ́ríkà ju bọ́ǹbù sí Fordow, Natanz àti Isfahan.

Ṣé ìdájọ́ náà gún régé?

Mo mọ̀ pé ìbéèrè yìí ló ń jó yín lẹ́nu. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti Ìráàn. Orílẹ̀-èdè márùn-ún ni ìwé àdéhùn yẹn gbà pé wọ́n ní bọ́ǹbù: Amẹ́ríkà, Rọ́ṣíà, Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Ṣáínà. Àwọn náà ṣèlérí pé àwọn á jókòó sọ bí wọ́n ṣe máa kó tiwọn dànù. Ṣé wọ́n ti kó o? Ísírẹ́lì, Íńdíà àti Pakísítánì ò fọwọ́ sí i rí, kò sẹ́ni tó ń ka sílíńdà ní Dimona, ibi iṣẹ́ núkílíà Ísírẹ́lì. Kòríà Àríwá jáde ní 2003, ó dán tirẹ̀ wò ní 2006, kò sẹ́ni tó jẹ́ kọlù ú. Líbíà kó tirẹ̀ sílẹ̀ ní 2003. Ẹ mọ bí Gaddafi ṣe parí ní 2011. Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ẹ̀dùn ọkàn yìí tọ́, n kò lè bá yín jiyàn.

Síbẹ̀, Áfíríkà ní àpẹẹrẹ mìíràn. Gúúsù Áfíríkà ṣe bọ́ǹbù mẹ́fà ní ìkọ̀kọ̀ nígbà apartheid. Ó tú wọn palẹ̀, ó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní 1991, Ààrẹ de Klerk sì jẹ́wọ́ ní ilé aṣòfin ní oṣù Kẹta 1993. Báwo layé ṣe gbà á gbọ́? Ó ṣí ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀, àwọn olùyẹ̀wò sì ṣe ìṣirò rẹ̀ láti ẹ̀yìn wá síwájú títí ó fi dọ́gba. Orúkọ ibi iṣẹ́ núkílíà wọn, Pelindaba, ni wọ́n fi pe ìwé àdéhùn tó ní kí Áfíríkà má ní bọ́ǹbù núkílíà, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2009.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ní òpin 2025

Kí ogun oṣù Kẹfà 2025 tó bẹ̀rẹ̀, ìṣirò àjọ Vienna ni pé Ìráàn ní kìlógíráàmù 440.9 ti ìdá 60. Ẹ fi 42 pín in. Ó ju mẹ́wàá lọ. Bọ́ǹbù fọ́ ẹ̀rọ, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó tún fọ́ ìwé ìṣirò. Ní ọjọ́ 2 oṣù Keje, Ìráàn fi òfin dá ìfọwọ́sowọ́pọ̀ pẹ̀lú àjọ náà dúró. Ní òpin oṣù Kẹsàn-án, ìjẹníyà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé padà sórí rẹ̀. Lójú tèmi, kìlógíráàmù 440 tí a ń wọ̀n lóṣooṣù kò bani lẹ́rù tó èyí tí ẹnikẹ́ni ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ibi báyìí ló wà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta epo lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ̀yin onízẹ́mìjáǹ, ní ọdún 2024, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún epo tí ayé ń lò ló gba ojú omi Hormuz, lẹ́nu ọ̀nà Ìráàn. Bí wọ́n bá halẹ̀ pé àwọn á dí i, iye owó epo máa ń fò sókè, ọ̀wọ́n náà á sì kàn yín kẹ́yìn.

Tí àwọn olùyẹ̀wò bá wá wọlé padà ní kíkún, kí ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ wọn? Wọn ò ní bẹ̀rẹ̀ lórí ẹ̀rọ. Wọ́n á kọ́kọ́ béèrè ìwé tí Ìráàn fi kọ ibi tí sílíńdà kọ̀ọ̀kan wà lẹ́yìn ogun. Wọ́n á wá a rí, wọ́n á wo èdìdì, wọ́n á wọ̀n ọ́n. Èyí tó wà lábẹ́ òkè tó wó, wọ́n ní láti hú u pẹ̀lú ìṣọ́ra, nítorí tí gáàsì yẹn bá jò tó sì pàdé ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, májèlé ló ń dà. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á tó lọ ka ẹ̀rọ tó ṣẹ́ kù, pẹ̀lú àwọn tí Ìráàn ṣe láti 2021, nígbà tí kò jẹ́ kí àjọ náà rí ohun tí kámẹ́rà yà mọ́. Ìyẹn ni màá kà sí èyí tó le jù, torí ohun tí olùyẹ̀wò ò rí, kò sí ìwọ̀n tó lè dá a padà. Àfi kí Ìráàn ṣí ìwé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ bí Gúúsù Áfíríkà ti ṣe.

Ọ̀rọ̀ tèmi mọ níbí. Mo rí ọwọ́ tó wà lókè lápá ọ̀tún. Ẹ gbé máìkì fún ìyá yẹn kọ́kọ́.